Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ méyọ̀ bọ́rọ̀ wa ní oṣù karùn-ún: kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bọ́rọ̀ kan, ìyẹn àgbègbè tó ní káńsù tirẹ̀, ni mò ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kẹrin mi sì rèé tí mo ti ń ṣe káńsẹ́lọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni àwọn akẹgbẹ́ mi fi mí ṣe igbákejì méyọ̀, bí nǹkan bá sì lọ bí a ṣe ń retí, èmi ni wọn yóò yàn sípò méyọ̀ ní ìpàdé ọdọọdún ti oṣù karùn-ún tó ń bọ̀.

Kí n tètè là á yé yín pé kì í ṣe méyọ̀ tí gbogbo aráàlú ń dìbò fún, tó ń ṣètò ìnáwó tó sì ń pinnu ohun tí wọn yóò kọ́ àti ohun tí wọn yóò wó, ni mò ń wí. Òfin ọdún 2000 ló ṣí ọ̀nà irú ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn káńsù. Tiwa ni ti ayé àtijọ́: àwọn káńsẹ́lọ̀ yóò yan ọ̀kan láàárín ara wọn fún ọdún kan, yóò máa jókòó gẹ́gẹ́ bí alága ìpàdé, yóò máa gba àlejò, yóò sì máa ṣojú ìlú níbi tí wọ́n bá pè é sí. Olórí káńsù, ìyẹn ẹlòmíràn, ni agbára ìṣèjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo ti lọ ṣojú méyọ̀ wa ní ìgbà mélòó kan, tí n kò sì mọ ohun tí mo lọ ṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n wá ṣí yàrá ìkàwé àwọn ọmọdé. Mo dé, wọ́n fún mi ní àlùmọ́gàjí tí kò mú, mo gé ríbọ́ọ̀nù náà lẹ́ẹ̀kẹta kí ó tó já, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi padà sínú mọ́tò. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi béèrè pé, "Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ lójú mi pé iṣẹ́ ẹ̀gbà ọrùn oyè àti fọ́tò ni, pé kí n má fi dààmú ara mi.

Mùsùlùmí ni mí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ àdúrà àwọn Kristẹni ni wọ́n fi máa ń ṣí ìpàdé káńsù wa láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. N kò fẹ́ kó dà bíi pé mo wá ba àṣà wọn jẹ́, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí kò ti ọkàn mi wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nípò yìí tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn kìíní (méyọ̀ àná ní bọ́rọ̀ mìíràn)

Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé, nítorí oṣù kẹrin tí mo ti wà lórí àga ni èmi tó bi ara mi ní irú ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin kúrò nílẹ̀ ná. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1972 ni a ṣì ń tẹ̀ lé. Ó sọ pé yíyan alága ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ìpàdé ọdọọdún, ó ní bí ìbò bá dọ́gba, alága ní ìbò kejì tí yóò fi yanjú ọ̀rọ̀, ó sì ní méyọ̀ ló ṣíwájú gbogbo ènìyàn nínú bọ́rọ̀ rẹ̀, àfi bí ó bá kan ẹ̀tọ́ ọba. Ohun tí òfin fi lé yín lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀nba náà lọ. Gbogbo ìyókù, aṣọ ìgúnwà pupa, ẹ̀gbà ọrùn oyè, ọ̀pá àṣẹ tí wọ́n ń gbé lọ níwájú yín, ìkésíni tó ń wọlé lójoojúmọ́, inú àṣà ni wọ́n ti wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ sá fún iṣẹ́ yìí lè sá fún un fún odidi ọdún kan láìrú òfin kankan, tí ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é kì yóò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọdún tí mo wà nípò ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ọjọ́bọ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, a ti gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú, a tẹ́ aṣọ dúdú lé e, a sì ṣí ìwé ìbánikẹ́dùn sórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi. Mo rò pé n óò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìlà àwọn ènìyàn ti gùn dé ojú pópó, mo wá dúró. Ìyá àgbà kan dé orí tábìlì, ó mú kálàmù, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un, mo jókòó tì í. Nígbà tó dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní òun dúpẹ́ pé méyọ̀ wà níbẹ̀. Kò béèrè orúkọ mi. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú orúkọ mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, a ka ìkéde pé Charles Kẹta ti gorí ìtẹ́. A ti fa àsíá sókè pátápátá láti ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí ìkéde náà, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà sí àárín òpó, tó jẹ́ àmì ọ̀fọ̀, ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, atẹ́gùn ń fẹ́, mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ìwé náà mọ́ páálí kí ó má bàa fò lọ, mo sì ka gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Ó yẹ kí n ti gbé ojú sókè. Ìyẹn nìkan ni mo kábàámọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló dúró níwájú mi, tó jẹ́ pé wọn kò wá gbọ́ ohun tí wọn kò tíì gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n; wọ́n wá kí ẹnì kan lè sọ ọ́ fún wọn ní ìlú tiwọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, òun náà ni mo rò pé ó jẹ́ èsì ìbéèrè ọkọ yín. Nígbà tí ẹ lọ sí yàrá ìkàwé yẹn, àwọn tó fi ọ̀pọ̀ oṣù tò ìwé sórí pẹpẹ kò pè yín nítorí ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n fẹ́ kí ìlú wá wo ohun tí àwọn ṣe, ìlú kò sì ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló ní. Ogún ìṣẹ́jú ni kò tó. Bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ayàwòrán kọ́kọ́ máa lọ, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó to ìwé náà bó ṣe rí wọn kó jọ.

Nípa Ọjọ́ Àìkú Ìrántí, ìyẹn ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kọkànlá tí a fi ń rántí àwọn tó kú sójú ogun, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo ibi òkúta ìrántí náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì fi aṣọ ìgúnwà yẹn rìn lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wúwo, etí rẹ̀ sì máa ń há sábẹ́ bàtà. Bí aṣojú ọba ní ẹkùn yín bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé òdòdó tirẹ̀ kalẹ̀, ti ìlú tí ẹ̀yin gbé dání yóò tẹ̀ lé e. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ẹ tẹrí ba, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó yíjú padà. Láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú 2 náà ní aago 11. Ẹ ó gbọ́ fèrè ológun, gbogbo nǹkan yóò sì pa rọ́rọ́, débi pé ẹ ó máa gbọ́ bí okùn àsíá ṣe ń lu òpó. Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe ní ìṣẹ́jú méjèèjì yẹn ju kí ẹ dúró lọ. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó le jù lọ nínú ọdún.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àga yìí kì í ṣe ti irú àwa aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1913, nígbà tí wọ́n yan John Archer sípò méyọ̀ Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ tí wọ́n bí ní Liverpool ni, Barbados ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ìbò 40 sí 39 ló fi wọlé. Mo máa ń ronú nípa àwọn 39 yẹn. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni méyọ̀ tiwọn náà, òun ló sì ní láti fún wọn láyè ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé bíi ti àwọn 40 tó kù.

Ìdáhùn kejì (òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì méyọ̀)

Ẹ kú ìnáwó ọjọ́ iwájú, mà. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé ètò méyọ̀ ní ibi iṣẹ́ wa, mo sì ti bá méyọ̀ mẹ́fà ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn, àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń kó ènìyàn sí wàhálà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbà ọrùn oyè kì í ṣe tiyín, ìlú ló ni ín. Ẹ ó máa fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ẹ bá gbà á àti nígbà tí ẹ bá dá a padà. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ jáde kúrò nínú bọ́rọ̀ yín láìjẹ́ pé méyọ̀ ibi tí ẹ ń lọ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ilé onílé ni. Ẹ ra aṣọ tí èjìká rẹ̀ nípọn, torí pínnì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ èjìká, ó sì ti ya aṣọ olówó ńlá mọ́ ọ̀kan nínú àwọn méyọ̀ wa lára lójú agbo.

Bí ìkésíni bá dé, kí ọ́fíìsì yín béèrè ẹni tí yóò pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹ ó sọ̀rọ̀ tàbí ẹ kò ní sọ̀rọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ yín. Bí èsì ìbéèrè kẹta yẹn bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ fi fọ́tò yín polówó ọjà, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó ń fọ́n oúnjẹ fún aláìní, ẹgbẹ́ àwọn adití, ẹ má kọ ti àwọn wọ̀nyí bí ẹ bá lè lọ rárá. Àwọn ni kì í tún ìkésíni kọ bí ẹ bá kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì ṣọ́ owó àjọ aláàánú yín. Méyọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń yan ẹgbẹ́ aláàánú tí yóò kówó jọ fún nínú ọdún rẹ̀. Owó náà kò gbọ́dọ̀ kan àpò yín, kò gbọ́dọ̀ kan àpò káńsù, kódà bó jẹ́ fún ọjọ́ kan. Kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ka owó inú agolo lójú gbogbo ènìyàn kí agbo tó tú. Mo ti rí olóòótọ́ ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ó gbé agolo lọ sílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó sì gbé e wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé láìdín kọ́bọ̀.

Ìdáhùn kẹta (ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe káńsẹ́lọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ ni mo wà. Nítorí náà, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méyọ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ọdún 2002 ló dá ayẹyẹ yìí sílẹ̀, ọdún 2004 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kí ó tó dìgbà yẹn, ìwé náà kàn máa ń bá ènìyàn nílé nínú àpò ìwé ni.

Bó ṣe máa ń lọ ni pé àwọn tó fẹ́ gba ìwé yóò dìde, àwọn kan yóò fi orúkọ Ọlọ́run búra, àwọn mìíràn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́jẹ̀ẹ́, gbogbo wọn yóò wá ṣe ìlérí fún orílẹ̀-èdè náà. Méyọ̀ yóò kí wọn káàbọ̀, yóò fún wọn ní ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ orin orílẹ̀-èdè. Lójú ẹni tó dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ètò kúkúrú ni. Lójú ẹni tó wà níwájú, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún tó fi ń kọ lẹ́tà, tó ń sanwó, tó ń dúró de ìdáhùn. Ọkùnrin kan wá ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé náà fi bọ́. Méyọ̀ ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn tó ń fì síwá sẹ́yìn, ó mú un nílẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gba orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe èyí tí ẹ kò bá mọ̀. Ẹ kò nílò kí n sọ fún yín bó ṣe máa ń rí lára kí wọ́n pe orúkọ ènìyàn ní ìpèkúpè ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀, nítorí n kò rò pé Yorùbá kan wà ní ilẹ̀ yìí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti rí obìnrin kan tó bú sẹ́kún kìkì nítorí pé méyọ̀ fi ohùn tó tọ́ pe orúkọ bàbá rẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ìwé tó bọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi méyọ̀ àná, ẹ kò tíì fọwọ́ kan ti àdúrà o. Ẹ jọ̀wọ́ pẹ̀lú, báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fara mọ́ bá wà níwájú ìpàdé? Ẹnu mi kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, gbogbo káńsù ló sì mọ̀ mí mọ́ ọn.

Ìdáhùn kìíní (méyọ̀ àná)

Ẹ foríjì mí, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ló gùn. Ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga dá ẹjọ́ pé káńsù kò ní agbára láti fi àdúrà sínú ètò ìpàdé rẹ̀. Òfin ọdún 2015 wá fún wọn ní agbára náà, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e. Kò sí ẹni tó lè fipá mú yín gbàdúrà, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa pa ti ẹlòmíràn rẹ́. Méyọ̀ ló sábà máa ń yan olórí ẹ̀sìn tí yóò bá a rìn nínú ọdún rẹ̀. Ẹ lè yan ìmáàmù kan, tàbí kí ẹ ní kí àwọn ẹlẹ́sìn ìlú yín máa gbà á láàárín ara wọn. Ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá àlùfáà tó ti ń ṣe é bọ̀, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ó tó kà á nínú ìwé ètò.

Ní ti ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ẹ óò gbé ẹnu yẹn tì fún ọdún kan, yóò sì dùn yín. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, káńsẹ́lọ̀ kan tí èmi àti òun kò tíì fohùn ṣọ̀kan rí dìde, àwọn ẹgbẹ́ tèmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kí ó má bàa ráyè sọ̀rọ̀. Àwọn tèmi ni mo ní láti pa lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ìpàdé, méjì nínú wọn kò kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò dọ́gba ní oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo sì lo ìbò kejì mi, kò sí ẹni tó pariwo, bẹ́ẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ tí mo ń sọ yìí wà lára àwọn tí ìbò náà kò gbè. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kù yìí láti ka ìlànà ìpàdé yín títí ẹ ó fi mọ ojú ewé rẹ̀ lórí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé, sà. Mo ti mú ìlànà náà jáde, ó wà lórí tábìlì oúnjẹ báyìí. Méyọ̀ wa ní kí n lọ ṣojú òun ní Ọjọ́bọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, níbi tí màmá kan ti ń pé 100 ọdún. Wọ́n ní káàdì tí ọba fi ń kí ẹni tó bá pé 100 ọdún ti dé, pé màmá náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i di ọjọ́ náà. Ìdajì wákàtí ni wọ́n kọ fún mi nínú ìwé ètò. Mo ti pe ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n má fi nǹkan mìíràn sí ọ̀sán yẹn.